Àwòrán Tó Ń Dúró De Ìbéèrè

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń ti Èkó lọ sí Benin mọ Ore dáadáa. Wọ́n mọ̀ ọ́n sí ibi tí mọ́tò ti ń yà jẹun, ibi tí awakọ̀ ti ń ra epo, ibi tí ọ̀nà ti pín sí Oǹdó, sí Okitipupa, sí Benin. Àwọn àgbà a máa sọ ti ogun abẹ́lé Nàìjíríà ní 1967. Ṣùgbọ́n igbó tó wà lápá ìwọ̀ oòrùn Ore, igbó ọba Olúwa ní ìjọba ìbílẹ̀ Òdígbó àti igbó ọba Omo tó wà lódì kejì ààlà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ti wọ ìwé àwọn onímọ̀ ewéko àgbáyé kí ọ̀nà márosẹ̀ tó dé rárá. Àwòrán kan ló gbé e wọbẹ̀. Kámẹ́rà kọ́ ni wọ́n fi yà á.

Ní 1935, Paul Richards, onímọ̀ ewéko láti Yunifásítì Cambridge, wá sí igbó ọba Shasha, bí wọ́n ṣe ń pe apá ńlá nínú igbó àgbègbè yìí nígbà náà. Ó fẹ́ mọ bí igbó ṣe tò: igi wo ló ga ju èwo lọ, níbo ni ẹ̀ka ti ń bẹ̀rẹ̀, ṣé òrùlé kan ṣoṣo ni ewé ṣe lókè ni àbí òrùlé méjì mẹ́ta wà lórí ara wọn. Ẹni tó bá ti wọ irú igbó bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ pé kámẹ́rà kò lè dáhùn ìbéèrè yẹn. Kò sí ibi tí ayàwòrán fẹ́ fà sẹ́yìn dé tí igi kan yóò fi wọlé tán láti ìdí dé orí. Bó bá ṣísẹ̀ méjì sẹ́yìn, igi mìíràn ti bọ́ síwájú rẹ̀. Oòrùn tó ń gba àárín ewé já bọ́ a ṣe ibì kan funfun báláú, a sì fi ibi yòókù sílẹ̀ nínú òkùnkùn. Fíìmù ayé ìgbà náà kò lágbára láti mú méjèèjì pọ̀.

Nítorí náà ó lo ọgbọ́n tí òun àti T. A. W. Davis ti dá nínú igbó Gùyánà, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, nígbà ìrìn àjò tí Richards lọ síbẹ̀ ní 1929. Wọ́n a fi okùn ya ilẹ̀ tóóró kan sọ́tọ̀, mítà 61 ní gígùn, mítà 7.6 ní fífẹ̀. Wọ́n a ṣán gbogbo igbó kékeré inú rẹ̀ kúrò, pẹ̀lú igi tí kò bá ga tó ìwọ̀n tí wọ́n dá. Igi tó bá kù, wọ́n a sàmì sí ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró sí, wọ́n a wọn bó ṣe nípọn tó, bó ṣe ga tó, ibi tí ẹ̀ka ńlá àkọ́kọ́ ti yọ, ibi tí ewé orí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, àti bí ewé náà ṣe tàn tó. Ìgbà mìíràn wà tí ìwọ̀n kì í pé àyàfi bí wọ́n bá gé igi náà lulẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni wọ́n á wá fi pẹ́ńsù àti rúlà ya igbó náà láti ẹ̀gbẹ́, igi kan lẹ́yìn èkejì.

Mo ti wo àwòrán Shasha yẹn pẹ́. Ìlà dúdú lásán ni. Kò sí òjìji, kò sí ẹyẹ, kò sí àpèjúwe bí ibẹ̀ ṣe rẹwà tó. Igi ńláńlá méjì mẹ́ta yọ orí jáde lókè àwọn yòókù, àwọn alábọ́ọ́dé sì fara kanra nísàlẹ̀ wọn. Lẹ́tà kékeré wà lára igi kọ̀ọ̀kan tó ń sọ irú igi tó jẹ́, ìwọ̀n gíga sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí àwọn tó ń la gẹdú ní sọ̀míìlì Ore bá rí i, wọn kò ní béèrè àlàyé. Iṣẹ́ ojú tiwọn náà ni: wọ́n a wo igi tó wà lóòró, wọ́n a sì ti mọ iye tú-báì-fọ́ọ̀ tí yóò jáde lára rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé ayùn. Wọn yóò tún mọ ohun tí àwòrán náà kò sọ, pé ẹnì kan ló ṣán igbó yẹn, ẹnì kan ló gun igi, ẹnì kan ló di orí okùn kejì mú.

Ohun tó jẹ́ kí n bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ náà ni pé ó ṣeé yẹ̀ wò. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́ lè mú okùn tirẹ̀ wá. Richards kọ ìwọ̀n ilẹ̀ tó yà sọ́tọ̀, ó kọ ohun tó gé dànù, ó kọ ohun tó fi sílẹ̀. Àwòrán tó bá ṣe báyìí ti gbà pé ẹlòmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn tí yóò mọ ohun tí òun kò mọ̀, ó sì ti fi ààyè sílẹ̀ dè é. Ìwọ̀n tí mo fi ń wọn gbogbo fọ́tò àtijọ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ àti arìnrìn-àjò tó kọjá ní ilẹ̀ wa nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a gòkè lọ sí apá Àkúrẹ́. Nítòsí Isarun, ihò àpáta kan wà tí wọ́n ń pè ní Ihò Eléérú. Ìwé àtijọ́ kọ ọ́ ní Iwo Eleru. Ní 1965, Thurstan Shaw, tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn, kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ walẹ̀ níbẹ̀. Ìbéèrè tó gbé lọ kò le láti sọ lẹ́nu: láti ìgbà wo ni ènìyàn ti ń gbé inú igbó ilẹ̀ wa? Ìdáhùn rẹ̀ ló le, torí ilẹ̀ igbó ní ásíìdì, ó tutù, òjò rẹ̀ kì í sinmi, egungun kì í pẹ́ nínú rẹ̀ kó tó jẹrà tán. Abẹ́ àpáta nìkan ni ìrètí wà, níbi tí òjò kò dé.

Fọ́tò kòtò ìwalẹ̀pìtàn dà bí iṣẹ́ tí kò ní ọgbọ́n nínú lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Kòtò ni, ọ̀pá wà nínú rẹ̀, ó tán. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wákàtí púpọ̀ ti kọjá kí ẹnikẹ́ni tó tẹ bọ́tìnnì kámẹ́rà. Wọ́n á ti fi tírówẹ̀lì, irú èyí tí bíríkìlà ń lò, ha ògiri kòtò títí yóò fi tẹ́jú. Wọ́n á ti gé gbòǹgbò tó yọ síta. Wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ìsàlẹ̀, wọ́n á sì máa fi ẹ̀yìn rìn jáde kí ipasẹ̀ má bàa hàn. Bí ilẹ̀ bá gbẹ jù, wọ́n á wọ́n omi sí i fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, nítorí ilẹ̀ tó tutù díẹ̀ ni í jẹ́ kí àwọ̀ ìpele kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì: eérú níbí, èédú lọ́hùn-ún, amọ̀ pupa nísàlẹ̀ wọn. Ìgbà náà ni ọ̀pá ìwọ̀n yóò tó wọlé, tí wọ́n kùn ní àwọ̀ méjì kí ojú lè ka ìwọ̀n rẹ̀ láti òkèèrè, pẹ̀lú ọfà tó ń tọ́ka sí àríwá àti pátákó kékeré tí wọ́n kọ orúkọ ibẹ̀, nọ́ńbà kòtò àti ọjọ́ sí. Ọ̀pá yẹn gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán. Bó bá fi díẹ̀ tẹ̀ síwájú, ó ti purọ́ fún gbogbo ẹni tí yóò fi í wọn nǹkan láti inú fọ́tò náà títí ayé.

Abẹ́ àpáta tún ní ìṣòro tirẹ̀. Ẹnu ihò mọ́lẹ̀ kedere, inú rẹ̀ ṣókùnkùn. Ẹni tó bá fi ìmọ́lẹ̀ ẹnu ihò ṣe òṣùwọ̀n, inú yóò di dúdú. Ẹni tó bá fi inú ṣe é, ẹnu ihò yóò jó di funfun. Ayàwòrán tó mọṣẹ́ a dúró de ìgbà tí oòrùn bá wọ inú ìkùukùu, tàbí kó ní kí ẹnì kan na aṣọ funfun kó fi da ìmọ́lẹ̀ padà sínú. A gbé kámẹ́rà lé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, a ṣí ojú rẹ̀ sílẹ̀ pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ́sàn-án gangan, gbogbo ènìyàn a sì dúró jẹ́ẹ́. Fíìmù dúdú-àti-funfun ni wọ́n fẹ́ràn jù fún irú iṣẹ́ yìí, wọ́n sì ní ìdí. Àwọ̀ inú fíìmù aláwọ̀ a máa ṣá bí ọdún ti ń gorí ọdún, ṣùgbọ́n fàdákà ló ń ṣe àwòrán dúdú-àti-funfun. Bí wọ́n bá fọ oògùn ara rẹ̀ kúrò dáadáa nígbà tí wọ́n ń fọ fíìmù náà, tí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ síbi tó gbẹ, yóò gbẹ̀yìn ẹni tó yà á.

Òkúta tí ọwọ́ ènìyàn ti gbẹ́ tó jáde láti Ihò Eléérú lé ní 500,000. Nísàlẹ̀ kòtò, wọ́n bá egungun ènìyàn kan. Ìwádìí kábọ̀n àti ìṣírò tó tẹ̀ lé e gbé e dé nǹkan bí ọdún 13,000 sẹ́yìn. Fọ́tò agbárí rẹ̀ wà nínú ìwé lónírúurú: láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́, láti òkè, láti ẹ̀yìn. Ẹ fi ojú sí bí wọ́n ṣe ń ya irú rẹ̀. Wọ́n a gbé agbárí náà sórí ìlà kan náà nígbà gbogbo, kí etí àti ìsàlẹ̀ ihò ojú wà ní ọgbọọgba, kó má ṣe bojú wòkè tàbí kó tẹrí ba. Kámẹ́rà kì í sún mọ́ ọn jù, torí bó bá sún mọ́ ọn, iwájú orí yóò tóbi ju ẹ̀yìn lọ lọ́nà èké. Ìlànà yẹn kan náà ni wọ́n ń lò ní Nairobi, ní Paris, ní Ìbàdàn, kí ẹni tó bá to fọ́tò agbárí mẹ́wàá sórí tábìlì lè fi wọ́n wé ara wọn láìṣe ojúsàájú.

Ní 2011, Katerina Harvati àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún gbé ọ̀rọ̀ agbárí yìí yẹ̀ wò pẹ̀lú ọ̀nà ìwọ̀n tuntun tó ń lo kọ̀ǹpútà. Wọ́n rí i pé ó gùn, ó sì rẹlẹ̀ lórí, ìrísí rẹ̀ sì jọ ti àwọn ènìyàn tó ti wà ṣáájú rẹ̀ lọ́nà jíjìn, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ orí rẹ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí dá àríyànjiyàn ńlá sílẹ̀ nípa bí onírúurú ènìyàn ṣe gbé pọ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà láyé ọjọ́un. Ọdún 46 ló wà láàárín ìwalẹ̀ àti ìbéèrè tuntun yẹn. Bí àwọn ti 1965 bá ti fi ìkánjú ṣe iṣẹ́ wọn, tí wọn kò kọ ibi tí egungun wà àti ìpele tó wà lórí rẹ̀ sílẹ̀, egungun lásán ni ìbá kù lọ́wọ́ àwọn ti 2011.

Ẹ fi èyí wé Leo Frobenius, ará Jámánì tó wá sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1910 pẹ̀lú Carl Arriens, ayàwòrán tó ń fi ọwọ́ ya ohun tí wọ́n bá rí. Ọwọ́ Arriens dán, mi ò ní jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n Frobenius ti mú ìdáhùn wá láti ilé. Ó ní àwọn ará Atlantis, ìlú inú ìtàn àwọn Gíríìkì, ló dé Ifẹ̀, torí kò gbà pé baba wa ló rọ orí bàbà tí wọ́n ń pè ní orí Olókun. Ó fẹ́ gbé orí náà lọ, àwọn aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á padà. Ẹwà ojú rẹ̀ ni ayé fi mọ̀ ọ́n láti ìgbà náà. Ní 1949, Leon Underwood àti William Fagg kọ̀wé pé ẹ̀dà tí wọ́n fi yanrìn rọ ni èyí tó wà ní Ifẹ̀, pé ojúlówó ti lọ. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún kí àwọn onímọ̀ ní Mùsíọ́ọ̀mù Britain tó tún tú ọ̀rọ̀ náà wò. Ìwé wọn jáde ní 2013, wọ́n sì ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ojúlówó náà ló wà nílé látẹ̀yìnwá. Bàbà fúnra rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe rọ ọ́ ni wọ́n bi léèrè. Ẹwà ojú kò lè dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ekpo Eyo mọ èyí dájú. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di ọ̀gá Ẹ̀ka Ìjọba Àpapọ̀ fún Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé, ní 1968, ọdún kan náà tí mùsíọ́ọ̀mù Ọ̀wọ̀ ṣí. Ní 1971 ó walẹ̀ ní Igbó 'Laja nínú ìlú Ọ̀wọ̀, ó sì bá ère amọ̀ tó tó nǹkan bí ọdún 600: orí ènìyàn tó jọ ti Ifẹ̀ létè àti nípéńpéjú, ẹkùn tó ń jẹ ẹsẹ̀ ènìyàn, ọwọ́ tó di nǹkan mú. Ọ̀wọ̀ wà láàárín Ifẹ̀ àti Benin, iṣẹ́ ọwọ́ wọn sì fi í hàn.

Fọ́tò méjì ló wà fún irú ère bẹ́ẹ̀. Èkíní ni ti inú kòtò, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án: èyí dojú bolẹ̀, ìyẹn ti fọ́ sí mẹ́ta, ìkòkò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bí wọ́n bá ti gbé e kúrò, kò sí ọ̀nà àtidá a padà sí bó ṣe wà. Ẹ̀rí kan ṣoṣo tó kù ni fọ́tò yẹn àti ìwé tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èkejì ni irú èyí tí Dirk Bakker, ayàwòrán ará Detroit, yà fún ìpàtẹ àwọn ìṣúra àtijọ́ Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ ní Detroit ní 1980, tó sì yí ká Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Bakker mọ bí a ti í gbé iná. Ó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wá, kó rọra fa ara amọ̀ náà kọjá, kí gbogbo ibi tí ìka amọ̀kòkò ti tẹ̀ ẹ́ àti ibi tí igi ti fa ìlà sí i lè yọ. Ojú a fẹ́ràn tirẹ̀ ju ti inú kòtò lọ, àti pé fọ́tò rẹ̀ jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn lókè òkun tẹrí ba fún ọwọ́ àwọn ará Ọ̀wọ̀. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ní kí n gba ọ̀kan sílẹ̀ nínú iná, ti inú kòtò ni n ó mú.

Ohun tí ayàwòrán kò gbèrò náà a máa wọ inú fọ́tò. Northcote Thomas, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà láti ṣe ìwádìí nípa àwọn ènìyàn, lọ káàkiri ilẹ̀ Edo ní 1909 sí 1910, lẹ́yìn ààlà Ìpínlẹ̀ Oǹdó lápá ìlà oòrùn, kó tó kọjá sí ilẹ̀ Igbo. Gíláàsì ni ó fi ń ya fọ́tò. Ó ń mú ènìyàn dúró níwájú aṣọ, á ya ojú wọn gan-an, á ya ẹ̀gbẹ́ wọn, á fún wọn ní nọ́ńbà bí ẹni ń ka ẹrù. Mi ò fẹ́ràn èrò tó wà nídìí iṣẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo etí àwọn fọ́tò náà: ọwọ́ àwọn tó di aṣọ mú hàn. Lẹ́yìn nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, láti 2018, Paul Basu àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gbé ẹ̀dà àwọn fọ́tò wọ̀nyí, tí púpọ̀ nínú wọn wà ní mùsíọ́ọ̀mù Cambridge, padà sí àwọn ìlú tí Thomas ti yà wọ́n. Àwọn ènìyàn rí baba ńlá wọn, wọ́n pè wọ́n lórúkọ. Nọ́ńbà tí Thomas kọ sílẹ̀ láti fi ka ènìyàn ló di ohun tí wọ́n fi mọ ìlú tí fọ́tò kọ̀ọ̀kan ti wá.

Iṣẹ́ ẹni tó ń kọ irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì ju bí a ti ń gbé e lọ. Láàárín 1993 sí 1994, àwọn olè fọ́ mùsíọ́ọ̀mù Ifẹ̀ léraléra. Ní 1994 ni àjọ àwọn mùsíọ́ọ̀mù àgbáyé, ICOM, gbé ìwé fọ́tò àwọn ohun tó sọnù ní Áfíríkà jáde, ti Ifẹ̀ wà nínú rẹ̀, ìwé yẹn sì jẹ́ kí wọ́n dá àwọn kan mọ̀ lókè òkun. Frank Willett, tó ti walẹ̀ ní Ìta Yemòó nínú ìlú Ifẹ̀ láti 1957, tẹ̀ síwájú nínú iṣẹ́ yìí títí di ọjọ́ ogbó: ní 2004 ó gbé àkójọ iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀ jáde nínú CD, ère kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú fọ́tò rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti rí i. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ló kú.

Ojú ọjọ́ tiwa kì í ṣàánú fọ́tò. Jẹ́látíìnì, tí wọ́n ń sè láti inú awọ àti egungun ẹran, ló di àwòrán mọ́ ara gíláàsì àti fíìmù, oúnjẹ gidi sì ni fún àwọn ohun kéékèèké tó ń hù níbi tó bá tutù. Lágbègbè Ore àti Òdígbó, òjò oṣù kẹfà nìkan tó láti bà á jẹ́ bí wọn kò bá gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ gbogbo ẹni tó ní fọ́tò bàbá tó ṣe fọ́rẹ́sítà, tàbí tó bá àwọn tó ń wọn igbó ṣiṣẹ́, tàbí tó ya fọ́tò ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀: ẹ má ṣe láminéètì rẹ̀. Iná láminéètì ń sè é, kò sì sí ẹni tó lè bó o kúrò mọ́ láìfa ojú fọ́tò ya. Ẹ má fi sẹ́lòtéèpù lẹ̀ ẹ́. Inú àpòòwé oníwèé ni kí ẹ fi sí, kì í ṣe nínú ọ̀rá. Pẹ́ńsù rírọ̀ ni kí ẹ fi kọ orúkọ sẹ́yìn rẹ̀, torí ìnkì báírò a máa yọ síwájú. Kí ẹ kọ ẹni tó jókòó, ẹni tó dúró, ọdún, ìlú, àti ẹni tó ya fọ́tò náà bí ẹ bá mọ̀ ọ́n.

Thurstan Shaw kú ní 2013, ẹni ọdún 98. Ní 2023, àwọn onímọ̀ kan, tí Emuobosa Orijemie ti Yunifásítì Ìbàdàn wà lára wọn, gbé ìwádìí tuntun jáde lórí Ihò Eléérú. Èédú àti ohun tó ṣẹ́kù lára ewéko àtijọ́ ni wọ́n tún bi léèrè lọ́tẹ̀ yìí, láti mọ irú igbó tó yí àwọn ènìyàn ibẹ̀ ká láti ọdún 14,000 wá. Ohun tí Shaw gbé lọ síbẹ̀ ní 1965 ni wọ́n ṣì ń béèrè.